Ẹ Má Sẹ́ẹ̀tì Àìsàn: Ọ̀rọ̀ lórí Mọ́tò Àtijọ́ tó ní Kábúrétọ̀ àti Tọ́bò

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn mẹkáníìkì ọmọ Yorùbá àti àwọn olólùfẹ́ mọ́tò àtijọ́ sọ ní London. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, àfi ibi díẹ̀ tí mo tún ṣe.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin àbúrò tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ gba rọ́bà yìí, kí ẹ máa gbé e yípo. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ihò inú rẹ̀ kò sì tó ihò inú bírò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ó rí i pé ó ti le, pé ó sì ti là ní etí ibi tí ó ti wọ ẹnu páìpù. Inú Renault 5 GT Turbo ọdún 1988 ni mo ti yọ ọ́. Ẹni tó ni mọ́tò náà ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, bó bá sì ti wà láàárín ìlú, kò sí wàhálà. Bó bá fẹ́ gun òkè pẹ̀lú ẹrù ni yóò máa jẹ́ẹ̀kì. Wọ́n bá a pààrọ̀ tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, ó ṣì ń jẹ́ẹ̀kì. Wọ́n yí jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ rẹ̀, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà jáde, lẹ́ẹ̀mejì, ó dà bíi pé ó gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ sójú ọ̀nà motorway, ó tẹ iná dáadáa, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ tí ó fi gbọ́ ariwo, tí èéfín bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí agbára ẹ́ńjìnnì tán. Nígbà tí mo ká tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ihò tó gba ọmọ ìka wà lórí písítìnì kan, etí ihò náà sì ti yọ́ bí àbẹ́là.

Kò sẹ́ni tó wo rọ́bà yìí. Àìsàn ni wọ́n ń sẹ́ẹ̀tì. Òun ló pa písítìnì náà.

Ìdí Peugeot 504 ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní Mushin. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti fọ kábúrétọ̀ 504 rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀gá mi kì í lo gèèjì kankan. Yóò tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, yóò fi sìkúrùdíráfà yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, ẹ́ńjìnnì á sì dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó rí ọyàn. Solex ni ọ̀pọ̀ kábúrétọ̀ tó gba ọwọ́ mi nígbà náà. Nítorí náà, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Renault 5 GT Turbo nílùú yìí, tí mo rí Solex 32 DIS lórí rẹ̀, inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé lójú ọ̀nà. Mo ní mo mọ ẹni yìí. Mo fa sìkúrùdíráfà yọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Kábúrétọ̀ 504 ń mí afẹ́fẹ́ gbangba. Ìkòkò epo kan wà nínú rẹ̀, fílóòtì ló ń ṣọ́ epo inú ìkòkò náà. Afẹ́fẹ́ ń ti epo láti òkè ìkòkò. Ní ọ̀fun kábúrétọ̀, níbi tí ọ̀nà ti há, atẹ́gùn ń sáré, agbára tó fi ń ti nǹkan sì dín kù níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín méjèèjì yẹn ló ń mú epo gba inú jẹ́ẹ̀tì jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kábúrétọ̀ kì í fa epo, ìyàtọ̀ ló ń tì í.

Wàyí o, nínú GT Turbo, tọ́bò Garrett T2 ló ń ti atẹ́gùn gba inú intercooler, èyí tó ń tu atẹ́gùn náà lára, wọ kábúrétọ̀. Bí ilé iṣẹ́ ṣe sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, atẹ́gùn yìí, èyí tí àwa ń pè ní búùsì, lè fi nǹkan bí 0.7 báà ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, ìyẹn nǹkan bíi pọ́ùn mẹ́wàá. Bí ìkòkò epo bá ń mí afẹ́fẹ́ ìta nígbà tí ọ̀fun kábúrétọ̀ ní búùsì, epo ò ní jáde. Atẹ́gùn ni yóò máa ti epo padà sínú ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò náà fi gbọ́dọ̀ ní irú búùsì kan náà tí ọ̀fun ní. Ìyẹn nìkan kò sì tó. Pọ́ǹpù tó ń gbé epo bọ̀ láti ẹ̀yìn mọ́tò gbọ́dọ̀ borí búùsì kó tó lè wọ ìkòkò. Bí búùsì bá jẹ́ 0.7, epo gbọ́dọ̀ wá pẹ̀lú agbára tó tó 0.9 tàbí 1.0. Bí búùsì kò bá sí, 0.2 sí 0.3 náà ni kó jẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fílóòtì kò ní lè dá epo dúró, ìkòkò á kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Régúlétọ̀ epo ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń gbọ́ búùsì, ó sì ń gbé agbára epo sókè bí búùsì ti ń gòkè. Etí tó fi ń gbọ́ ni rọ́bà tó wà lọ́wọ́ yín yẹn.

Nígbà tí rọ́bà là, régúlétọ̀ di adití. Ọkùnrin yìí tẹ iná, búùsì dé 0.7, agbára epo sì wà ní 0.25 níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Epo kò lè wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n epo díẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò, nítorí náà ẹ́ńjìnnì fa dáadáa fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹ ò rí bí ó ṣe ń tan ènìyàn jẹ! Láàárín ìlú, kò sẹ́ni tó ń tẹ iná pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìkòkò a tún rí àyè kún. Lójú ọ̀nà motorway ni epo ti tán nínú ìkòkò nígbà tí atẹ́gùn pọ̀ jù lọ. Epo tó yẹ kó tu orí písítìnì lára kò sí, iná inú sìlíńdà gbóná kọjá ààlà, alumíníọ̀mù sì yọ́. Jẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n fi sí i kò ṣe é ní oore kankan. Ńṣe ló tún mú ìkòkò tètè gbẹ.

Ẹ fi èyí sọ́kàn bí mo ti ń lọ.

Kì í ṣe Renault ló kọ́kọ́ dán irú nǹkan yìí wò. Ní ọdún 1962, ní Amẹ́ríkà, Chevrolet gbé Corvair Monza Spyder jáde, Oldsmobile gbé Jetfire jáde, méjèèjì pẹ̀lú tọ́bò àti kábúrétọ̀. Nínú àwọn yẹn, kábúrétọ̀ ló wà níwájú, tọ́bò ń fa epo àti atẹ́gùn pọ̀ gba inú rẹ̀. Kábúrétọ̀ wọn ń mí bíi ti 504, ìyẹn sì rọrùn, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè fi intercooler sí i láìsí ewu, epo á máa kóra jọ nínú páìpù. Ní ti Jetfire, omi àti mẹ́táńọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fọ́n sínú ẹ́ńjìnnì kó má bàa gbóná jù, wọ́n ní kí ẹni tó ni ín máa rọ ọ́ sínú táǹkì kékeré kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rọ ọ́. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ mọ́tò náà ni wọ́n gbé padà fún àwọn tó tà wọ́n, kí wọ́n yọ tọ́bò kúrò. Lotus Esprit Turbo ti 1980, MG Metro Turbo, Maserati Biturbo, Renault 18 Turbo, àwọn wọ̀nyí ń ti atẹ́gùn wọ kábúrétọ̀ bíi GT Turbo. Maserati tilẹ̀ ti odindi kábúrétọ̀ mọ́ inú àpótí. Bí ẹ bá ti lóye ọ̀kan, ẹ ó lóye gbogbo wọn, kìkì pé ibi tí wọ́n gba rọ́bà yàtọ̀.

Ó yá, mọ́tò dé iwájú yín. Níbo lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ jìnnà sí kábúrétọ̀. Òun ló kẹ́yìn.

Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bó ṣe lè fún atẹ́gùn pọ̀ tó. Ẹ́ńjìnnì C1J inú mọ́tò yìí jẹ́ 1397 cc. Ìdílé ẹ́ńjìnnì tí Renault ti ń ṣe láti ọdún 1962 ló ti wá. Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ kò ga, 7.9 sí 1 ni, nítorí tọ́bò. Ẹ má retí iye gíga, kí iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáà ti bára mu. Bí sìlíńdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá lọ sílẹ̀ pọ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó láàárín wọn, kò sí sìkúrùdíráfà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ó bá ká tọ́ọ̀pù, ẹ gbọ́: omi ló yí láínà (ògiri sìlíńdà tó ṣeé yọ) inú ẹ́ńjìnnì yìí ká, gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ láínà sì ń dúró lórí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tọ́ọ̀pù. Bí ẹ bá ti yọ tọ́ọ̀pù, ẹ má yí kíráńkì láìkọ́kọ́ fi bóòtù àti wáṣà di láínà mọ́lẹ̀. Mo ti rí ẹni tó yí i, omi wá ń wọ inú ọ́ìlì, ó di dandan kó tú gbogbo ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́yìn náà, páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Ibí yìí ń dùn mí, nítorí owó tí àwọn ènìyàn ti fi ṣòfò síbẹ̀ pọ̀. Mọ́tò ń rú èéfín aláwọ̀ búlúù, wọ́n á ní tọ́bò ti kú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ti dí, agbára ti kóra jọ sínú àpótí kíráńkì, ọ́ìlì tó yẹ kó ṣàn láti inú tọ́bò sílẹ̀ kò rọ́nà lọ, ó wá gba ojú síìlì jáde. Bí ẹ bá fi tọ́bò tuntun síbẹ̀, òun náà á rú èéfín láàárín oṣù kan. Ẹ tú páìpù náà, ẹ fi epo fọ̀ ọ́, ẹ sì wo páìpù tí ọ́ìlì ń gbà kúrò nídìí tọ́bò: ó gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó sì dorí kọ ilẹ̀ tààrà. Ẹ wá fi ọwọ́ di ọ̀pá tọ́bò mú. Kó rìn díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò burú. Bí abẹ rẹ̀ bá ń kan ògiri, tàbí bí ọ̀pá bá ń wọlé jáde, ó ti tó pààrọ̀ nìyẹn.

Iná pọ́lọ́ọ̀gì ṣe pàtàkì ju ti mọ́tò lásán lọ. Nínú atẹ́gùn tó ki, iná kì í fẹ́ fò. Mo máa ń dín àlàfo pọ́lọ́ọ̀gì kù sí nǹkan bí 0.6 mílímítà. Bí mọ́tò bá ń jẹ́ẹ̀kì nígbà tí búùsì bá dé nìkan, ẹ wo waya pọ́lọ́ọ̀gì àti ọmọrí dísítíríbútọ̀ kí ẹ tó fẹ̀sùn kan epo.

Ìgbà yìí ni rọ́bà wá kàn. Ẹ má fojú lásán wò ó, ojú kì í rí ibi tó là. Ẹ di ẹnu ibi tí tọ́bò ti ń gba atẹ́gùn, ẹ fi páìpù tí a fi ń fẹ́ táyà fẹ́ atẹ́gùn wọ inú rẹ̀, kó má kọjá pọ́ùn méje, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ pa gbogbo ibi tí wọ́n ti so pọ̀. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Mo ti rí i tó ń hó lábẹ́ kiliipu tuntun, mo ti rí i lára ọ̀pá tó ń ṣí ilẹ̀kùn kábúrétọ̀, mo sì ti rí intercooler tó dán gbinrin tó ń jò láti inú. Gbogbo rọ́bà kékeré, pàápàá ti régúlétọ̀, ti ìkòkò epo, àti ti wéésìgéètì (ilẹ̀kùn tó ń dá búùsì dúró), ẹ má dán wọn wò. Ẹ pààrọ̀ wọn. Owó oúnjẹ ọ̀sán kan ni. Rọ́bà wéésìgéètì bá já, kò ní sí ohun tó ń sọ fún tọ́bò pé ó ti tó, búùsì á máa gòkè lọ.

Ẹ wá fi gèèjì sí ìlà epo, gèèjì kejì sí búùsì, kí ẹ lẹ̀ wọ́n síbi tí ẹni kejì ti lè rí wọn, kí ẹ gbé mọ́tò jáde. Bí búùsì ti ń gòkè, epo gbọ́dọ̀ máa gòkè pẹ̀lú rẹ̀ bí ìbejì. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ra, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò kíá. Ká ní ẹnì kan ṣe èyí fún ọkùnrin yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ì bá gbà á, písítìnì náà ì bá sì wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ ooru. Ọ̀pọ̀ yín ló bi mí nípa èyí kí n tó dúró síbí, pé mọ́tò náà ń lọ dáadáa, wọ́n pa á nílé epo, wọ́n fẹ́ sítáàtì rẹ̀, ó kọ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ẹ́ńjìnnì náà: ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti ibi tí èéfín ń gbà jáde, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Kábúrétọ̀ jókòó sórí ààrò. Nígbà tí mọ́tò ń rìn, epo tuntun ń tù ú lára. Bí ẹ bá pa á, ooru gòkè, epo inú ìkòkò hó, ó sì dà sínú ẹ́ńjìnnì. Renault mọ̀ ọ́n, wọ́n fi fáànù kan sí i láti máa fẹ́ kábúrétọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa mọ́tò. Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú mọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ mi, fáànù náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí kí wọ́n ti yọ ọ́ dànù. Ẹ wá a, ẹ tún un ṣe, ẹ dá irin tó ń dínà ooru padà. Láti September 2021 tí E10, epo tí a lú pọ̀ mọ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, ti di epo 95 gbogbogbòò nílẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, torí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń jẹ rọ́bà àtijọ́, epo náà sì ń tètè hó. Ẹ ra èyí tó dára jù lọ nílé epo, tí wọ́n kọ E5 sí lára, kí ẹ sì fi rọ́bà tó lè gba ẹ́tánọ́ọ̀lù rọ́pò ti àtijọ́.

Bí ó bá ti wá kọ̀ láti sítáàtì, ẹ má gún iná mọ́lẹ̀ léraléra. Epo ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ tẹ iná dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi ẹsẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ máa yí kọ́kọ́rọ́ títí yóò fi gbà.

Ẹ̀yin tí mọ́tò yín jẹ́ ti ìgbà àkọ́kọ́, kí ọdún 1987 tó dé, ọ́ìlì nìkan ló ń tu tọ́bò yín lára, kò sí omi níbẹ̀. Bí ẹ bá ti sáré bọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó pa á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì á jóná mọ́ ọ̀pá tọ́bò bí oúnjẹ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò.

Kìkì nígbà tí gbogbo èyí bá ti dá ni mo tó ń ṣí àpótí jẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà ara jẹ́ẹ̀tì ni ìwọ̀n ihò rẹ̀: 120 túmọ̀ sí 1.20 mílímítà. Ẹ kíyè sí i pé láti 120 sí 130 kì í ṣe ohun kékeré, àyè tí epo ń gbà kọjá nínú ihò náà ti fi bí ìdá mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi ní Mushin gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, mo bọ̀wọ̀ fún un títí dòní, ṣùgbọ́n etí kò lè gbọ́ èyí. Ẹ fi lámúdà wideband, ohun tó ń wọn ìpín atẹ́gùn àti epo láti inú èéfín, sí sàlẹ́ńsà. Bí mọ́tò bá dúró lójú kan tàbí tó ń rìn jẹ́jẹ́, nǹkan bí 14 sí 14.7 atẹ́gùn sí 1 epo ló yẹ. Nínú búùsì kíkún, mo fẹ́ rí 11.5 sí 12. Bó bá kọjá 12.5 níbẹ̀, mo ti gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Ẹ sì máa tẹ́tí sí ariwo kan. Kì í ṣe èyí tí a ń pè ní nọ́ọ̀kì nílé, tí bẹ́rìn ti bàjẹ́ tí kíráńkì ń lu gbùm-gbùm. Èyí tí mò ń sọ dà bí ẹni da àgbàdo gbígbẹ sínú abọ́ irin, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Epo ń bú gbàmù kí iná tó dé ibẹ̀ ni. Bí ẹ bá yọ pọ́lọ́ọ̀gì, tí ẹ rí èérún fàdákà wẹ́wẹ́ lára funfun rẹ̀, ara písítìnì ni èérún yẹn ti wá. Ẹ wo táímìn, ìyẹn ìgbà tí iná pọ́lọ́ọ̀gì ń ṣẹ́, ẹ wo epo, ẹ wo intercooler. Atẹ́gùn ìta tó jẹ́ 20°C, bí tọ́bò bá ti tì í dé 0.7 báà, ó lè kọjá 80°C kó tó dé intercooler.

Èyí ló mú kí n máa bínú sí fáàfù kékeré tí wọ́n ń tà láti fi gbé búùsì sókè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ó wù yín. Ó rọrùn láti fi sí i, mọ́tò á fò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n T2 kéré; bí ẹ bá ti ń tì í kọjá agbára rẹ̀, ooru ló ń fi kún un ju atẹ́gùn lọ, epo kò sì mọ̀ pé ẹ ti yí nǹkan padà. Èmi kì í kọjá 1 báà, n kì í sì dé ibẹ̀ bí mọ́tò kò bá tíì fi oṣù méjì rìn láìní àlébù pẹ̀lú búùsì tí ilé iṣẹ́ fún un.

Àbúrò kan béèrè pé kí ló dé tí a ò kúkú yọ kábúrétọ̀ náà, ká fi injẹ́ẹ̀kṣọ̀n sí i. Ọ̀pọ̀ ti ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn Solex yìí. Mọ́tò tí kò tó kílò 900, tó ní agbára ẹṣin 120, tí kò sí kọ̀ǹpútà epo kankan nínú rẹ̀, tí ohun gbogbo ń lọ nítorí ìyàtọ̀ atẹ́gùn níhìn-ín àti atẹ́gùn lọ́hùn-ún, ó ń mú orí mi wú títí di òní.

Mọ́tò onírọ́bà náà wà níta lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó ni ín gbé e wá láti Dagenham, ó dé nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ lórí jẹ́ẹ̀tì, ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti pa á. Ìgbà tí ìkòkò ń gbóná jù lọ nìyẹn. Mo ní kí gbogbo wa jáde lọ gbọ́ ọ. Fáànù ṣì ń dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àbúrò tó béèrè ìbéèrè jókòó sídìí rẹ̀, ó gún iná lẹ́ẹ̀mẹta bí ó ti mọ́ ọn lára, ó yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò kọ̀. Mo ní kó tẹ iná dé ìsàlẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó gbà.